Ta ló ń bá plasmid ka iye ara rẹ̀?

Ìbéèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kọ́. Olùkọ́ wa sọ pé plasmid ColE1 kì í sábà ju ẹ̀dà 20 lọ nínú sẹ́ẹ̀lì kan, àmọ́ pUC19 tó jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà máa ń tó 500 sókè. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ohun tí ò jẹ́ kí n sùn ni pé nǹkan tí jíìnì rẹ̀ ṣeé fi ìka ọwọ́ kà, ta ló ń bá a ka iye tó ti dà? Kí ni ò jẹ́ kó máa da ara rẹ̀ kọ lọ títí tí sẹ́ẹ̀lì á fi bẹ́?”

Àbúrò mi, sùn o jàre. Kò sẹ́ni tó ń bá a kà á. Plasmid, òrùka DNA kékeré tó ń gbé inú bakitéríà, ò mọ ení, kò mọ èjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ń rọ búréèkì tirẹ̀ sínú omi sẹ́ẹ̀lì náà. Bí ẹ̀dà bá pọ̀, búréèkì á pọ̀, ìdàkọ á falẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń dàgbà, tí ààyè inú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, búréèkì á fọ́n ká, ìdàkọ á tún yára. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn ní ṣókí. Àmọ́ ọ̀nà tí ColE1 gbà ń rọ búréèkì yẹn ló dùn, torí náà jókòó dáadáa.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ẹrù ColE1 wò. Joshua Lederberg ló dá orúkọ náà plasmid sílẹ̀ ní 1952, fún ohun àjogúnbá tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì láìsí lára kúrómósóòmù. ColE1 jẹ́ òrùka DNA olókùn méjì. Bí o bá ka okùn kan, lẹ́tà 6,646 lo máa bá níbẹ̀. Kúrómósóòmù E. coli K-12, bakitéríà tó jẹ́ onílé fún un, ní lẹ́tà tó lé ní 4,600,000, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 700 ti àlejò rẹ̀. Má sì rò pé òrùka náà tẹ́ pẹrẹsẹ bíi bẹ́ńgù ọwọ́. Ó lọ́ mọ́ra bí aṣọ tí èèyàn fọ̀ tán tó wá fún: o di orí méjèèjì mú, o lọ́ ọ, aṣọ á ká jọ, á kúrú, á le koko. Bí nǹkan bá gé okùn kan péré nínú méjèèjì, gbogbo lílọ́ yẹn á tú, òrùka á wá fẹ̀ ràgàjì. Fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Nínú òrùka yẹn, jíìnì kan wà tó ń ṣe májèlé tí wọ́n ń pè ní colicin E1, èyí tí bakitéríà náà fi ń pa àwọn ìbátan rẹ̀ tí ò ní plasmid náà lọ́wọ́. Jíìnì kejì wà tó ń dáàbò bo ẹni tó gbé e, kí májèlé rẹ̀ má baà pa á. Òmíràn wà tó ń la ara sẹ́ẹ̀lì kí májèlé náà lè jáde, sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sì máa ń kú sídìí iṣẹ́ náà. Àwọn jíìnì kan tún wà tí ColE1 fi ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀: bí plasmid ńlá kan bíi F bá so sẹ́ẹ̀lì méjì pọ̀ láti kọjá, ColE1 á bá a kọjá láìsan kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú ìbẹ̀rẹ̀ ìdàkọ, àti ibì kan tó ń jẹ́ cer tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú.

Ohun tí ò sí nínú ẹrù yìí ló yẹ kí o ṣàkíyèsí. Kò sí ẹ́ńsáìmù kankan níbẹ̀ tó ń da DNA kọ. Irinṣẹ́ onílé ni àlejò yìí ń lò pátápátá. Ní 1969, Paula De Lucia àti John Cairns rí E. coli kan tí DNA polymerase I rẹ̀, ọ̀kan lára ẹ́ńsáìmù tó ń da DNA kọ, ti bàjẹ́, síbẹ̀ tó ń bí sí i, tó ń rẹ̀ sí i bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Kingsbury àti Helinski wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ColE1 nínú irú bakitéríà bẹ́ẹ̀. Kò lè dúró níbẹ̀. Onílé ń jẹ ayé rẹ̀ lọ, àlejò pòórá. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé polymerase I, tí onílé lè fara da àìsí rẹ̀, ni ColE1 fi ń mí.

Ẹ jẹ́ ká wá súnmọ́ ojú ìbẹ̀rẹ̀ náà.

Gbogbo polymerase tó ń da DNA kọ ló ní àbùkù kan: kò lè bẹ̀rẹ̀ lórí asán. Bí onídìrí ò ṣe lè so atáṣímẹ́ǹtì mọ́ orí tó pá, bẹ́ẹ̀ ni polymerase ò lè fi lẹ́tà kan ṣoṣo lélẹ̀ àfi tó bá rí ìdí okùn kan tó ti wà níbẹ̀ dì mú. Irun kúkúrú tí onídìrí máa dì mú yẹn ni ColE1 ń pèsè. RNA ni, ìyẹn okùn tí sẹ́ẹ̀lì ń kọ láti ara DNA; orúkọ rẹ̀ ni RNA II.

RNA polymerase ti sẹ́ẹ̀lì á balẹ̀ síbi tó fi lẹ́tà 555 ṣíwájú ojú ìbẹ̀rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí kọ RNA II. Bó ṣe ń kọ ọ́ lọ ni RNA náà ń ká ara rẹ̀ ní ojóbó-ojóbó. Bó bá ká bó ṣe yẹ, tó bá wá dé ìtòsí ojú ìbẹ̀rẹ̀, kò ní já kúrò lára DNA bí àwọn RNA yòókù ṣe máa ń já; ńṣe ni yóò lẹ̀ mọ́ okùn tí wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ RNase H, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gé RNA tó bá so mọ́ DNA. Yóò gé RNA II yìí ní ojú ìbẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìdí tó gé síbẹ̀ ni polymerase I máa dì mú. Á so lẹ́tà DNA mọ́ ọn, lẹ́tà kan, lẹ́tà kejì, títí tí okùn méjèèjì á fi là dáadáa, kí polymerase III tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ tó wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Apá kan ṣoṣo ni ìdàkọ ColE1 ń gbà lọ; kúrómósóòmù ní tirẹ̀ máa ń gba apá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Á yí òrùka náà po, á padà síbi tó ti gbéra, òrùka kan á sì di méjì.

Mo ní “bó bá ká bó ṣe yẹ”. Ibẹ̀ gan-an ni búréèkì wà.

Lórí ilẹ̀ kan náà tí wọ́n ti ń kọ ìbẹ̀rẹ̀ RNA II, wọ́n tún ń kọ RNA mìíràn láti ara okùn kejì, òun ń lọ sí ọ̀nà ibi tí RNA II ti ń bọ̀. RNA I ni orúkọ rẹ̀, kò ju lẹ́tà 108 lọ. Nítorí pé ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti hù, lẹ́tà wọn bára mu bí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. RNA I ní ojóbó mẹ́ta, ìbẹ̀rẹ̀ RNA II náà ní mẹ́ta tó dojú kọ wọ́n. Tí wọ́n bá pàdé, ojóbó á kọ́kọ́ fẹnu kan ojóbó. Bí wọn ò bá tètè tú, ìrù RNA I á so mọ́ RNA II, àwọn méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ra láti ìdí dé orí. RNA II tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ti lọ nìyẹn. Kò ní lè ká bó ṣe yẹ, kò ní lẹ̀ mọ́ DNA, RNase H ò ní rí nǹkan gé, polymerase I ò sì ní rí irun dì mú.

Àyè tí RNA I ní láti ṣe èyí kéré gan-an. Ó gbọ́dọ̀ mú RNA II nígbà tó ṣì kúrú; bí ìyẹn bá ti gùn kọjá nǹkan bí lẹ́tà 360, ọwọ́ ò tó o mọ́. Ìyẹn ni pé ìdíje eré sísá ni, ní gbogbo ìgbà tí RNA II bá gbéra. Bí RNA I bá pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ RNA II ni wọ́n máa lé bá lójú ọ̀nà. Bó bá kéré, púpọ̀ nínú wọn á yè. RNA I sì kéré tàbí pọ̀ nítorí pé ẹ̀dà ColE1 kọ̀ọ̀kan ló ń rọ tirẹ̀ láìsinmi. Ìyẹn ni “kíkà” tí ò ń béèrè.

Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò kọjá, tó sì jẹ́ pé òun ló mú kí ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́: RNA I kì í pẹ́ kú. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń gé RNA, RNase E, ti dúró dè é, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 2, ìdajì rẹ̀ ti run. Lójú ẹni tí ò ronú sí i, òfò ni kí èèyàn máa ṣe nǹkan kó sì máa bà á jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ronú agbo ilé kan tí wọ́n ti ń fi igi dáná. Ẹni tó dúró lókèèrè lè fi èéfín mọ̀ bóyá ààrò mẹ́ta ló ń jó tàbí mẹ́wàá, torí èéfín ìsinsìnyí ló ń rí, ti àárọ̀ ti fẹ́ lọ. Ká ní èéfín máa ń dúró lójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta ni, kò ní lè mọ ààrò tó ń jó yàtọ̀ sí èyí tó ti di eérú. Bí RNA I bá ń pẹ́ láyé, iye ẹ̀dà tó wà nígbà kan rí ni yóò máa ròyìn, sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pín sí méjì á sì máa fi búréèkì ìyá rẹ̀ rìn.

Jun-ichi Tomizawa, ọmọ Jàpáànù tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, àti Tateo Itoh ló tú púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí 1980 sí 1981. Ó wù mí kí o rántí ọdún yẹn. Lónìí, gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ nípa RNA kékeré tó ń darí jíìnì. Lára plasmid tí ò tó lẹ́tà 7,000 yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i kedere pé RNA tí ò kọ́ purotéènì kankan lè jókòó lórí RNA mìíràn kó sì pàṣẹ fún un.

Alárinà kan ló kù. Purotéènì kékeré ni, amino acid 63 péré, Rom ni àwọn kan ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní Rop. Nígbà tí ojóbó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kan ojóbó, wọ́n ṣì lè tú ká. Rom á dì wọ́n mú pa pọ̀ kí ìgbéyàwó náà tó dúró. Kò pọndandan; bí kò bá sí, RNA I ṣì ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà kàn ń dẹ̀ díẹ̀ ni, iye ẹ̀dà á sì lọ sókè níwọ̀nba.

Wàyí o, pUC19 rẹ. Ní 1977, Francisco Bolivar àti Raymond Rodriguez, nínú yàrá ìwádìí Herbert Boyer ní San Francisco, kọ́ plasmid kan tí wọ́n fi lẹ́tà orúkọ wọn sọ: pBR322. Lẹ́tà 4,361 ni. Ojú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá láti ara pMB1, ìbátan ColE1 tímọ́tímọ́, Rom rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀dà 15 sí 20 ló sì máa ń jẹ́. Ọmọ yìí ṣiṣẹ́ láyé. Òun ni wọ́n fi gbé jíìnì ínsúlínì èèyàn wọ inú E. coli ní 1978. Nígbà tó yá, Jeffrey Vieira àti Joachim Messing mú apá kan lára pBR322 kọ́ ìdílé pUC, wọ́n sì tẹ̀ é jáde ní 1982. pUC19 tìrẹ, lẹ́tà 2,686, dé lẹ́yìn wọn ní 1985. Níbi tí wọ́n ti ń gé e kéré, Rom bá a lọ. Èyí nìkan ò sì lè gbé e dé 500. Ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́tà kan ṣoṣo yí padà lórí ilẹ̀ RNA II: G di A. Lẹ́tà kan yẹn yí bí RNA II ṣe ń ká padà, RNA I ò sì rí i mú dáadáa mọ́. Búréèkì ṣì wà nínú ọkọ̀, àmọ́ ó ń yọ̀.

Ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù lórí èyí jáde ní 1992: bí o bá dá Rom padà fún pUC, iye ẹ̀dà rẹ̀ á tún wálẹ̀. Alárinà dé, ojóbó tí ò fẹ́ dúró tẹ́lẹ̀ wá dúró. Ohun kejì tí wọ́n rí ni pé G tó di A yẹn ń tẹ̀ lé ooru. Ní 37 lórí ìwọ̀n Celsius ni pUC ń fò. Ní 30, RNA II rẹ̀ ń ká bíi ti ọmọlúàbí, iye á sì wálẹ̀ gidigidi.

Ẹ̀yìn ara mi ni mo ti kọ́ ìyẹn. Yàrá ìwádìí kan tí n ò ní dárúkọ rẹ̀ ni mo wà nígbà náà, mo gbin pUC19 sínú broth, omi oúnjẹ bakitéríà, lálẹ́, mo tì í sínú incubator, àpótí tó ń mú un gbóná, mo lọ ilé. Wọ́n mú iná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ náà ò sì jó. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, broth ti funfun, bakitéríà ti hù bó ṣe yẹ, n ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo yọ plasmid, ìlà tó yẹ kó tàn bí iná mànàmáná lórí jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń wo DNA wá rí bí ojú ọ̀nà nínú ọyẹ́. Mo bú ohun èlò tí mo fi yọ ọ́, mo bú ẹni tó tà á fún wa, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kẹta ni ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè kékeré kan pé, ṣé incubator yẹn gbóná lóru? Bakitéríà hù lóòótọ́ ní ooru yàrá, kò sóhun tó ṣe òun. Plasmid ló dín.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí o lè gbà rí i pé ColE1 ò nílò purotéènì ara rẹ̀ láti da ara rẹ̀ kọ. Ní 1972, Don Clewell da chloramphenicol lé E. coli tó gbé ColE1. Oògùn yẹn máa ń dá ìṣẹ̀dá purotéènì dúró. Kúrómósóòmù tó ti bẹ̀rẹ̀ ìdàkọ parí èyí tó wà lọ́wọ́, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn, torí ó nílò purotéènì tuntun kó tó lè gbéra. ColE1 ní tirẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú polymerase tó ti wà nílẹ̀, fún wákàtí lórí wákàtí, títí ẹ̀dà fi lé ní 1,000 nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi ọgbọ́n yìí kórè plasmid kí pUC tó sọ ọ́ di ohun àtijọ́.

Láti inú búréèkì yìí náà ni òfin kan ti jáde tí wọ́n máa ń ní kí ẹ há sórí: plasmid méjì tó jẹ́ ti ìdílé kan náà ò lè gbé inú sẹ́ẹ̀lì kan pẹ́. RNA I ti pBR322 ò mọ̀ bóyá RNA II ti ilé ni òun dì mú tàbí ti aládùúgbò. Èyíkéyìí tí lẹ́tà rẹ̀ bá ti bá tirẹ̀ mu, yóò dì í mú. Nítorí náà, àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni sẹ́ẹ̀lì ń rí bí iye kan. Èyí tó bá kọ́kọ́ dín díẹ̀ nígbà pínpín ò ní rí ààyè láti gba ipò rẹ̀ padà, bó pẹ́ bó yá, á pòórá. Bí o bá fẹ́ plasmid méjì nínú sẹ́ẹ̀lì kan, mú èkejì láti ìdílé tí búréèkì rẹ̀ ń sọ èdè mìíràn, bíi pACYC184 tó ní ojú ìbẹ̀rẹ̀ p15A. RNA I tiwọn ò gbọ́ ara wọn.

Pínpín wá ńkọ́? ColE1 ò ní okùn kan tó ń fà á sí apá kìíní àti ìkejì sẹ́ẹ̀lì. Ńṣe ló ń léfòó kiri. Bí ẹ̀dà 20 bá wà nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ń pín, pé kí gbogbo wọn bọ́ sí apá kan kí ìkejì má rí nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀kan ni nínú nǹkan bí 524,000. Kò sẹ́ni tó máa rí i. Ìṣòro ni pé òrùka máa ń so mọ́ òrùka. Bí àwọn 20 yẹn bá ti di ìdì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òrùka márùn-ún tó so pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú 8 ló di! Ohun tí cer wà fún nìyí. Àwọn purotéènì onílé, XerC àti XerD, ń bá a gé àwọn tó so pọ̀ níbẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. cer tún ń kọ RNA kékeré kan tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dúró ná, kó má tíì pín. pBR322 àti pUC ò ní cer, ìdí kan nìyẹn tí o kò fi gbọ́dọ̀ gbàgbé ampicillin, oògùn tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó ti sọ plasmid nù hù, nínú broth rẹ.

Má wá lọ sọ fún olùkọ́ rẹ pé gbogbo plasmid kékeré ló ń ṣe báyìí o. Nínú Staphylococcus aureus, pT181, tó lé díẹ̀ ní lẹ́tà 4,400 tó sì ń fún bakitéríà náà lágbára lórí tetracycline, gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá. Ó ní purotéènì tirẹ̀, RepC. RepC á gé okùn kan nínú méjèèjì, á sì so ara rẹ̀ mọ́ apá kan ojú gígé náà. Apá kejì ni polymerase máa dì mú, torí náà kò nílò RNA kankan níbẹ̀. Bí polymerase ṣe ń yí òrùka po ni okùn àtijọ́ ń tú kúrò, bí òwú ṣe ń tú lára ríìlì tẹ́lọ̀. Nígbà tó bá yí i po tán, RepC á tún gé, á so orí okùn tó tú náà mọ́ ìdí rẹ̀, òrùka olókùn kan á bọ́ sílẹ̀. Onílé á wá bá a kọ okùn kejì láti ojú ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn. Ibi tó mú mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni pé RepC tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan máa ń jáde pẹ̀lú èékú DNA tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò sì lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Bíi káàdì ìpè tí wọ́n ti họ. Nítorí náà, iye RepC tuntun ló ń pinnu iye ẹ̀dà, RNA kékeré tó dojú kọ RNA RepC ló sì ń dín RepC kù. Búréèkì tún ni, ibòmíràn ló kàn so ó sí. Ti pSC101 yàtọ̀ sí méjèèjì: purotéènì RepA rẹ̀ ló ń so ẹ̀dà méjì pọ̀ bí ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ tí iye wọn bá ti tó, kì í sì í ju nǹkan bí 5 lọ.

Bí o bá ń rò pé ọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí lásán ni gbogbo èyí, rántí àtọ̀sí. Pẹnisílíìnì ni wọ́n fi ń wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1976, irú èyí tí pẹnisílíìnì ò ràn rárá yọ ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan tọ́ka sí Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Èkejì, tí wọ́n rí ní Liverpool, tọ́ka sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí. Plasmid kékeré ni wọ́n bá nínú méjèèjì, lẹ́tà 7,426 nínú ti Éṣíà, 5,599 nínú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní plasmid Áfíríkà títí dòní. Jíìnì kan náà ni àwọn méjèèjì gbé, èyí tó ń gé pẹnisílíìnì jẹ, ti Áfíríkà sì rí bí ti Éṣíà tí wọ́n gé apá kan kúrò lára rẹ̀. Kò lè dá sọdá sí sẹ́ẹ̀lì mìíràn fúnra rẹ̀. Plasmid ńlá kan tí àtọ̀sí ti ní tẹ́lẹ̀ ló ń gbé e kọjá, bí F ṣe ń gbé ColE1.

Bí o bá fẹ́ fojú ara rẹ rí ohun tí o béèrè, ó rọrùn. Gbin E. coli tó gbé pBR322 àti èyí tó gbé pUC19 sínú broth mílílítà 5 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní 37, kó sun. Ṣe ìkẹta fún pUC19 ní 30. Yọ plasmid nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà, da iye kan náà sí ojúhò kọ̀ọ̀kan lórí jẹ́ẹ̀lì. Má jáyà bí ojúhò kan bá fún ọ ní ìlà tó ju ọ̀kan lọ: èyí tó sáré jù ni òrùka tó ṣì lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún, èyí tó wà lẹ́yìn ni òrùka tí okùn rẹ̀ kan ti já tó wá fẹ̀. Plasmid kan náà ni. Wo bí wọ́n ṣe tàn sí, má wo ibi tí wọ́n dé nìkan. pUC19 ti 37 á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lójú. Bí olùkọ́ rẹ bá wá nawọ́ sí ojúhò kẹta tó bi ọ́ pé ta ló ba ìyẹn jẹ́, sọ fún un pé wọn ò bà á jẹ́, pé A kan ló wà níbi tí G wà tẹ́lẹ̀, òtútù ló sì mú un.